Ta Ni Kí A San Ìṣákọ́lẹ̀ Fún?

Bí ìdílé méjì bá ń jà sí ilẹ̀ tí a fi ń dáko, àwa àgbẹ̀ tí a ti ìlú mìíràn wá ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ kò mọ̀ bóyá òun ni yóò wú u. Ẹni tí ó fẹ́ san ìṣákọ́lẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò san án fún. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń parí ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Warri níbí. Ní 1926, Olóyè Ometan pe Olóyè Dore Numa lẹ́jọ́ lórúkọ àwọn ará Agbassa nítorí ilẹ̀. Ẹjọ́ náà ti kóòtù kan dé òmíràn títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n, Dore Numa ni wọ́n sì dá láre. Ẹjọ́ ilẹ̀ mìíràn ní Warri, ti Idundun àti Okumagba, dé Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní 1976. Ìdílé Okumagba ni ó jàre. Ibẹ̀ ni àwọn adájọ́ ti ka ohun 5 tí a fi lè mọ onílẹ̀: ìtàn ìran, ìwé, ìlò ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Kóòtù mọ òfin, ṣùgbọ́n ó ń gba ọdún àti owó, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ìlàjà. Onílàjà kì í dájọ́; ó ń bá ẹni méjèèjì sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè fẹnu kò. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ka sí i.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ yan àwọn àgbà láti dá ẹjọ́ náà. Ẹ má fi èyí ṣeré. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, Kóòtù Tó Ga Jùlọ sọ pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lè múlẹ̀ bí ẹni méjèèjì bá fínnúfíndọ̀ wá, tí wọ́n gbà pé yóò de àwọn, tí wọ́n sì tẹ́wọ́ gba ìdájọ́ náà.

Kóòtù ni ìkẹta. Bí ẹni méjì bá ń béèrè ìṣákọ́lẹ̀ kan náà lọ́wọ́ yín, ẹ má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ lè ní kí lọ́yà bẹ Kóòtù Gíga pé kí ó pe àwọn méjèèjì, kí wọ́n sọ ẹni tí owó tọ́ sí. A sì lè fi owó náà sọ́wọ́ kóòtù títí di ìgbà náà. Ẹ má ṣe sọ fún ẹni tí ó fún yín ní ilẹ̀ pé kì í ṣe òun ni ó ni ín: lábẹ́ àṣà, ọ̀rọ̀ yìí nìkan lè mú kí kóòtù gba oko lọ́wọ́ yín.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹ má sanwó láìsí ẹlẹ́rìí.