Òfìfo Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ọ̀nà Dára

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bi léèrè ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ̀nà náà fún fóònù?

Ní ọdún 2004 ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Máàpù gbogbo ayé ni, tí ẹnikẹ́ni lè fi kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba owó. Ọ̀pọ̀ áàpù tí àwọn tó ń gun òkè ń lò ló ń mú ọ̀nà láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá rin ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lè yà á síbẹ̀, kí ó sì so àlàyé mọ́ ọn: ṣé iyẹ̀pẹ̀ ni àbí òkúta? Ṣé ó fẹ̀? Ṣé ó ṣòro?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ya ọ̀nà láìso àlàyé kankan mọ́ ọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tẹ́jú inú ọgbà ìgbafẹ́ àti ọ̀nà etí ọ̀gbun lórí òkè Alps lè rí bákan náà lórí máàpù. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè ní Switzerland pín ìṣòro ọ̀nà sí ìpele 6, láti T1 tó rọrùn jù, dé T6 tí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ di àpáta mú. OpenStreetMap náà ń lo ìpele wọ̀nyí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ìpele, tí kọ̀ǹpútà sì ka òfìfo sí "ó rọrùn", ẹ̀mí lè ṣòfò.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí áàpù sọ gbangba pé "a kò mọ̀". Kí ó má pè é ní "ó dára". Èkejì, a lè fi gíga ilẹ̀ ṣírò ibi tí ọ̀nà ti gòkè púpọ̀, ṣùgbọ́n àbá lásán ni. Kí a má kọ ọ́ sínú máàpù bí ohun tí a fojú rí. Ẹ̀kẹta, tó dára jù, ni kí ẹni tó dé ibẹ̀ dáhùn. Áàpù StreetComplete máa ń bi ẹni tó wà nítòsí ọ̀nà léèrè ohun tí ó ṣẹ́ kù, bí irú ilẹ̀ tí ọ̀nà náà jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, máàpù yìí kan àdúgbò tiwa náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ fojú rí. Ẹ fi ohun tí ẹ kò mọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá fi ọ̀nà hàn yín lórí fóònù, ẹ bi í pé: "Ta ló ti rìn ín rí?"