Nígbà Tí Àwọn Ará Èkó Fi Orúkọ Sọ Ẹni Tí Wọ́n Jẹ́

Láàárín ọdún 1880 sí 1900, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nínú àwọn Sàró ìlú Èkó, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Àwọn mìíràn pa kóòtù àti táì tì, wọ́n gbé agbádá wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ. Ohun tí wọ́n ń wádìí nínú ara wọn ni ta ló láṣẹ láti sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́: ṣé ẹni tó tọ́ ọ ni, àbí òun fúnra rẹ̀?

Orúkọ òyìnbó yẹn kò ṣàdédé bá wọn. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń dá ọkọ̀ akẹ́rú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun tú kúrò nílé. Bí wọ́n ṣe ń rì wọ́n bọmi ni wọ́n ń sọ wọ́n ní orúkọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí ará Òṣogùn ṣe di Samuel Crowther ní 1825. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Badagry, Abẹ́òkúta àti Èkó láti nǹkan bí ọdún 1839, wọ́n gbé Johnson, Cole, Williams àti Macaulay bọ̀ wálé. Orúkọ wọ̀nyí ti di àmì ọ̀làjú. Àwọn tó ń jẹ́ wọn ló ń rí iṣẹ́ akọ̀wé àti ipò nínú ìjọ.

Ìjákulẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí wọn lójú. Ìwé tí wọ́n kà àti ìwà òyìnbó tí wọ́n kọ́ kò ní kí òyìnbó kà wọ́n sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì tí kò tó ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther gba àkóso iṣẹ́ ìhìnrere odò Ọya mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá náà kú ní ìparí ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní àkókò yẹn náà ni Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú láti Liberia, wá sí Èkó, tó rọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ pé kí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà jìnnà jù lọ ni David Brown Vincent, tí wọ́n bí ní 1860. Ilé ẹ̀kọ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, ló ti jáde, ó sì ṣe tíṣà kó tó di Onítẹ̀bọmi. Ní 1888, ó wà lára àwọn tó kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1894, ó fi orúkọ Vincent sílẹ̀, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí. Aṣọ Yorùbá ló ń wọ̀, yálà ó wà nílé tàbí ó wà nílùú òyìnbó.

Agbẹ̀bí kò torí èyí fi Kírísítì sílẹ̀. Ó yẹ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ wò lẹ́yọ lẹ́yọ: èyí tó gbà lọ́kàn pé òtítọ́ ni, ó dì í mú, èyí tó jẹ́ àṣà ìlú àwọn tó mú un wá, ó dá a padà fún wọn. Nínú ìwàásù tó ṣe fún African Church ní December 1902, ó ka ìwé orin òyìnbó, dùùrù, orúkọ àjèjì àti aṣọ àjèjì mọ́ ohun tí ẹ̀sìn lè wà láìsí. Ó rọrùn kéèyàn da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì rọrùn kó gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí Agbẹ̀bí ṣe le ju méjèèjì lọ, torí kò sí ẹni tó lè bá èèyàn ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Blyden yìn ín fún ìwàásù yẹn, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní 1911, ó wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi àpérò àgbáyé lórí àwọn ẹ̀yà èèyàn, tí wọ́n ṣe ní London.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ nìkan mọ inú èèyàn yóò ṣìnà, pàápàá tó bá dé orí Kitoyi Ajasa àti Herbert Macaulay. Edmund Macaulay ni Ajasa, tó jẹ́ lọ́yà, ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó gba orúkọ Yorùbá, àmọ́ agbára káká la fi lè rí ọmọ Èkó tó sún mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó o lásìkò rẹ̀. Ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer tó dá sílẹ̀ ní 1914 ń gbe ìjọba lẹ́yìn, wọ́n sì fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1928. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, jẹ́ orúkọ òyìnbó títí tó fi kú ní 1946. Aṣọ òyìnbó funfun àti irunmú gígùn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Òun ló bá Olóyè Olúwa lọ sí London lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, tí wọ́n jàre ní 1921; òun náà ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́, wọn ò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ àti orúkọ kàn ń sọ díẹ̀ nínú ìtàn wọn ni.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní ìdí tirẹ̀ tó fi pa orúkọ òyìnbó tì. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní 1900. Lẹ́yìn tó kàwé ní England tó sì padà dé, ó pa orúkọ òyìnbó méjèèjì tì. Nígbà tó ń darí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí ọ̀rọ̀ owó orí ní nǹkan bí ọdún 1947, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló sì ń sọ láàárín wọn, kí ìwé tó kà má bàa ya òun àti àwọn ìyá ọlọ́jà nípá.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, Fẹlá ọmọ rẹ̀ yọ Ransome kúrò nínú orúkọ ara rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà gba orúkọ tuntun yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Fẹlá, Olíkóyè, tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, àti àbúrò rẹ̀ Bẹ́kọ̀, dókítà tó jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ń jẹ́ Ransome-Kuti lọ ní tiwọn. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá wọn, torí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìjọba ológun tàbí aráàlú mọ̀ sí ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Lónìí ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà yóò búra ní kóòtù, yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, lẹ́yìn náà ni yóò lọ tún un ṣe ní báǹkì àti lórí ìwé ìrìnnà. Àwọn ọmọ Sàró tó ṣì ń jẹ́ Johnson àti Cole pọ̀ l'Ékòó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń sọ ọmọ wọn ní orúkọ Yorùbá mọ́ ọn.