Rílèè tí a kò dán wò, àpótí lásán ni

  Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ohùn náà nìyí. Ìkọ́ àti "ẹ̀n ẹ̀n" mi nìkan ni mo yọ kúrò.

Ariwo kan wà tí kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wà ní Lafẹ́nwá, ẹ wà ní Pánsẹ́kẹ́, ẹ wà ní Ọbáńtokò: bí iná bá ti dé, àwọn ọmọdé á pariwo "Up NEPA!" NEPA ti kógbá sílé láti ọdún 2005. PHCN tó rọ́pò rẹ̀ náà fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, IBEDC ló sì ń pín in fún wa níhìn-ín báyìí. Síbẹ̀ ariwo yẹn ò yí padà.

Ohun tí a kì í sọ ni pé ìṣẹ́jú tí a ń pariwo ayọ̀ yẹn wà lára àwọn ìṣẹ́jú tó léwu jù fún fìríìjì inú ilé. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹja dídì ní Kútọ̀. Bí mọ́tò fìrísà rẹ̀ bá jóná lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kì í ṣe owó àtúnṣe nìkan ló máa san. Ẹja inú rẹ̀ ni owó ọjà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òní dá lórí ohun kékeré kan tó máa ń dúró sáàárín iná àti ẹrù wa: rílèè fóltéèjì, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí "protector". Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo bá sọ, ẹ má gbàgbé èyí: rírà á kọ́ ni ààbò, dídán an wò ni ààbò.

Kí ló ń pa ẹrù wa gan-an?

Iná tó yẹ kó wọlé wa ní Nàìjíríà jẹ́ fóltì 230. Ìlànà pínpín iná gbà kó fi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ga tàbí rẹlẹ̀, ìyẹn láti nǹkan bíi 216 dé 244. Ẹ̀yin tí ilé yín jìnnà sí transfọ́mà ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Tó bá di agogo mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo ilé ti tan gbogbo nǹkan, gílóòbù á máa pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ṣe jàǹbá.

Àkọ́kọ́ ni iná tó rẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná tó ga nìkan ló ń ba nǹkan jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níwájú mọ́tò fìríìjì kì í dín kù nítorí pé iná kéré. Bí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀, mọ́tò náà á fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sí i kó lè rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sì ni ooru púpọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé sínú rẹ̀ á máa gbóná títí ọ̀dà tó bò ó á fi jó. Mọ́tò náà parí nìyẹn.

Ìkejì ni iná tó lọ tó tún dé lójijì. Nígbà tí fìríìjì bá ń ṣiṣẹ́, gáàsì inú rẹ̀ máa ń le ní apá kan ju apá kejì lọ. Bí iná bá lọ, ó nílò ìṣẹ́jú mélòó kan kí apá méjèèjì tó dọ́gba. Bí iná bá dé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ńṣe ni mọ́tò ń gbìyànjú láti dìde pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò ní lè yí. Á kàn dúró síbẹ̀ máa fa kọ́rẹ́ǹtì ní ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà tẹ́lẹ̀.

Ìkẹta ló burú jù: kí wáyà niútírà já. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Transfọ́mà àdúgbò ń gbé féèsì mẹ́ta jáde. Láàárín féèsì kan àti niútírà, fóltì 230 ló wà. Láàárín féèsì kan sí ìkejì, ó tó 400. Niútírà ni ọ̀nà tí iná ilé kọ̀ọ̀kan ń gbà padà. Bí ìjì bá gé e lórí òpó, ilé yín tó wà lórí féèsì kan àti ilé aládùúgbò tó wà lórí òmíràn á di ọ̀nà kan ṣoṣo. Iná á gba inú ilé kan kọjá sínú ìkejì, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ pín fóltì 400 yẹn.

Pípín náà kì í ṣe ọgbọọgba rárá. Ká ní aládùúgbò ń fi áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì lọ aṣọ, tí ẹ̀yin sì ń wo tẹlifíṣọ̀n 100 wáàtì. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ní rí tó fóltì 40. Tẹlifíṣọ̀n yín á gba ohun tó lé ní 360. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré ni ìyà ń jẹ jù. Ìdí nìyí tí iná fi lè ba nǹkan jẹ́ nílé kan, kó má sì ṣe nǹkan kan ní ilé kejì rẹ̀.

Kí ni rílèè ń ṣe?

Ẹ fi í wé oníbodè. Gbogbo ìgbà ló ń wọn fóltéèjì tó ń bọ̀. Tó bá wà láàárín ààlà tí ẹ fún un, á jẹ́ kó kọjá. Tó bá ti ré ààlà kọjá, lókè tàbí nísàlẹ̀, á tilẹ̀kùn, ìyẹn ni pé àwọn irin kékeré méjì inú rẹ̀ á já kúrò lára wọn, iná ò sì ní wọlé mọ́. Kò ní bá iná jà. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: kójú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.

Bí iná bá ti dára padà, rílèè kò ní kánjú. Á dúró fún ìgbà tí ẹ yàn fún un kó tó so ó padà. Fún ilé tó ní fìríìjì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ló dára. Ẹ má fi ìkánjú dín in kù sí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ìdúró yẹn gan-an ló ń gba mọ́tò là nígbà "Up NEPA".

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ohun tí rílèè kì í ṣe. Kì í ṣe sìtẹ̀bíláísà: kò lè gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè. Kì í ṣe ààbò fún àrá: iṣẹ́ Ṣàngó ti parí kí irin inú rílèè tó já. Ohun mìíràn ni wọ́n ń fi gba ti àrá, ó sì gbọ́dọ̀ ní wáyà tó wọ ilẹ̀ dáadáa. Bí òjò bá ti ń kù, ẹ yọ nǹkan yín lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni kì í gba èèyàn lọ́wọ́ iná tó bá gbé e. Ìyẹn náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Fífi sílé

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò iná lára ògiri, tí fìríìjì nìkan á lo. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń fi sínú àpótí bírékà, tó ń dáàbò bo gbogbo ilé, tó sì máa ń kọ fóltéèjì sójú rẹ̀.

Ti inú àpótí yìí, ẹ má fi YouTube ṣe é fúnra yín. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí, irú èyí tí àjọ NEMSA ń fún wọn. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ máa bi í.

Ẹ bi í pé, "Ibo lẹ máa fi sí?" Lẹ́yìn mítà ni, lẹ́yìn bírékà ńlá, kí iná tó pín sí yàrá. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já èdìdì mítà.

Ẹ bi í pé, "Kọ́rẹ́ǹtì mélòó ló lè gbé?" Kò gbọ́dọ̀ kéré sí bírékà tó wà níwájú rẹ̀. Bí bírékà bá jẹ́ 63, tí rílèè jẹ́ 40, rílèè ló máa jó. Níbi tí ẹrù bá ti pọ̀ jù, rílèè á kàn máa pàṣẹ ni, kọ́ńtákítọ̀ ńlá ló máa gé iná. Bí féèsì mẹ́ta bá wọlé yín, ẹ béèrè fún rílèè oníféèsì mẹ́ta, tó lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù.

Ẹnìkan bi mí lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iwájú ṣéńjìófà ni kí n fi í sí ni àbí ẹ̀yìn rẹ̀?" Àbúrò, tó bá wà níwájú, iná ìjọba nìkan ló ń ṣọ́. Tó bá wà lẹ́yìn, ó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mẹkáníìkì ti yí eré rẹ̀ lè gbé fóltéèjì tó ga gan-an jáde. Ẹ̀yìn ni èmi á yàn.

Ààlà ńkọ́? Nísàlẹ̀, láàárín 180 sí 190. Lókè, nǹkan bíi 250. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé rílèè á máa gé iná lálẹ́, inú á bí onílé, á wá fa ààlà ìsàlẹ̀ dé 140 kó lè rí bọ́ọ̀lù wò. Ó ti sọ oníbodè rẹ̀ di òṣìṣẹ́ tó ń sùn. Bí iná àdúgbò yín bá ń rẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn, kí ẹ sì wá sìtẹ̀bíláísà fún fìríìjì.

Àwọn ńláńlá náà ń dán tiwọn wò

Irú rílèè yìí kan náà, àgbà rẹ̀, ló wà lójú ọ̀nà iná láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Papalanto, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò nílẹ̀ Ẹ̀gbá wa níhìn-ín, gáàsì ni wọ́n fi ń pèsè iná ní Ọlọ́runṣògo. Iná máa ń gba wáyà 330,000 fóltì, á bọ́ sí 132,000, á bọ́ sí 33,000, sí 11,000, kó tó dé transfọ́mà àdúgbò. Rílèè ń ṣọ́ ìpele lẹ́yìn ìpele. Àwọn ẹnjiníà tiẹ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é káàkiri ayé: 27 ni ti fóltéèjì tó rẹlẹ̀, 59 ni ti èyí tó ga.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2024, tí gíríìdì orílẹ̀-èdè ṣubú? Bí gíríìdì bá ń ṣubú, rílèè á máa já ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kúrò kó má bàa bàjẹ́, ẹrù á sì máa pọ̀ lórí àwọn tó kù, títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣókùnkùn. Òkùnkùn náà ò dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá yè ni wọ́n ń fi mú iná padà.

Àwọn ẹnjiníà kì í sọ pé rílèè tuntun ni, nítorí náà yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbé àpótí ìdánwò wá, wọ́n á fi fóltéèjì àtọwọ́dá ránṣẹ́ sí i bíi pé wàhálà ti dé, wọ́n á wò ó bóyá ó já, àti bó ṣe yá tó. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Tiwa tí a rà lọ́jà ńkọ́?

Bí ẹ ṣe máa dán tiyín wò lálẹ́ òní

Èyí jẹ́ ti rílèè tó ní bọ́tìnnì àti ojú tó ń kọ nọ́ńbà. Ẹ kò ní ṣí àpótí kankan. Ẹ kọ́kọ́ pa fìríìjì, kí ẹ tan gílóòbù kan.

1. Ẹ ya fọ́tò ààlà tó wà níbẹ̀, kí ẹ lè dá a padà.

2. Ẹ wo fóltéèjì tó wà lójú rẹ̀. Ká ní 205 ni. Ẹ gbé ààlà ìsàlẹ̀ lọ sí 210. Rílèè gbọ́dọ̀ já.

3. Ẹ wo gílóòbù. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Irin inú rílèè lè ti jó lẹ̀ mọ́ra wọn. Ojú rẹ̀ á sọ pé òun ti já, iná á sì máa kọjá lọ ràì. Bí gílóòbù bá ṣì ń tàn, rílèè yẹn ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

4. Ẹ dá ààlà padà, kí ẹ fi fóònù ka ìgbà tó máa dúró kó tó so iná padà. Ṣé ó bá ohun tí ẹ yàn mu?

5. Bí tiyín bá gbà á, ẹ fa ààlà òkè wá sísàlẹ̀ iye tó wà lójú rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ já. Lẹ́yìn náà, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà nínú fọ́tò.

Bí iná tó wà nílẹ̀ bá ti ga ju ohun tí ààlà ìsàlẹ̀ rílèè yín lè dé, ẹ dúró di alẹ́ tí iná bá rẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kì bọ ògiri tí kò ní bọ́tìnnì, ẹ yọ ọ́, ẹ kì í padà, kí ẹ ka ìdúró rẹ̀. Ti ààlà rẹ̀, oníṣẹ́ iná tó ní transfọ́mà tó ṣeé yí sókè yí sílẹ̀ ló lè wò ó fún yín.

Ìtọ́jú

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó: kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, àti nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀. Kí oníṣẹ́ iná pa iná pátápátá, kó di ìdè wáyà kọ̀ọ̀kan le, nítorí pé ìdè tó tú máa ń gbóná títí yóò fi jó. Kó wo ibi tó bá ti dúdú. Kó gbá eruku, èèrà àti ọmọńlé jáde. Kó fi mítà ọwọ́ rẹ̀ wo bóyá nọ́ńbà ojú rílèè jẹ́ òtítọ́. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó láàárín ọdún, ẹ má dúró de oṣù kankan.

Lọ́jọ́ tí iná ńlá bá sì kọlu àdúgbò, bí rílèè bá tiẹ̀ gbà yín là, ẹ tún un dán wò kí ilẹ̀ tó mọ́. Oníbodè tó ja ogun lè ti fara gbọgbẹ́.

Ibi tí a ó dúró sí nìyẹn lónìí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹlẹ́ja dídì àdúgbò yín, sí gẹ́rígẹ́rí yín, sí onílé yín pàápàá. Kí ariwo "Up NEPA" máa jẹ́ ti ayọ̀ nìkan. Ó dàbọ̀ o.