Ìtọ́jú Ìfun àti Ìgbọ̀nsẹ̀ Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tijú láti sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ̀ pé bí nọ́ọ̀sì bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ní òwúrọ̀, yóò béèrè pé, “Ṣé baba ti yàgbẹ́? Báwo ni ó ti rí?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìnítìjú. Ìgbẹ́ a máa sọ bí inú ti rí fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó ń sọ lè fi ìfẹ́ ṣe ohun tí yóò pa ẹni tirẹ̀.

Kí a tó sọ bí a ti í tọ́jú ìfun, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ tí a jẹ a gba ọ̀fun kọjá sí àpò ikùn, níbi tí a ti ń pò ó mọ́ oje kíkan inú. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sínú ìfun kékeré, tí gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà tó nǹkan bí mítà 6. Níbẹ̀ ni ara ti ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìfun ńlá, tí ó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀. Ẹ wá fetí sí ohun ìyanu kan. Omi tí ń wọ inú ìfun àgbàlagbà ní ọjọ́ kan, èyí tí ó mu pẹ̀lú itọ́ àti àwọn oje tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde, tó lítà 8 tàbí 9. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n tí kò ju kọ́ọ̀bù kékeré kan lọ ni ó ń bá ìgbẹ́ jáde. Ìyókù, ìfun a gbà á padà fún ara.

Inú èyí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa ti jáde wá: ìfun ni olùṣọ́ omi ara. Bí kò bá lè gba omi padà mọ́, ìgbẹ́ gbuuru dé. Bí ìgbẹ́ bá sì pẹ́ jù nínú rẹ̀ títí omi rẹ̀ fi fà tán, ìgbẹ́ a le koko, a sì ṣòro láti yà. Àìsàn méjèèjì yìí dà bí ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ń yàgbẹ́ bí omi láti àárọ̀. Ìyá àgbà ní eyín ni ó ń hù. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n fi omi dù ú. Wọ́n ní bí ó bá ti ń mu ni yóò máa yà. Nígbà tí ó di alẹ́, àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọ inú, wọ́n sì fi àgbo lé e lórí. Àwọn baba wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí ó wà nínú ilé yìí kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n àwùjẹ̀ tí ó jìn kì í ṣe àrùn orí. Omi ni ó ń tán nínú ara ọmọ, àgbo tí a fi lé e lórí kò sì lè fi ẹ̀kán omi kan kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Eyín pàápàá kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí eyín ń hù ni ọmọ ń rá kiri tí ó ń he nǹkan ilẹ̀ sẹ́nu, kòkòrò tí ojú kò rí a sì bá a wọlé. Àwọn baba wa náà ni wọ́n wí pé omi ni a bù wẹ̀, omi ni a bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Kí ni ṣe tí a fi ń bá omi ṣọ̀tá ní ọjọ́ tí ọmọ nílò rẹ̀ jù lọ?

Ọ̀nà láti dá omi yìí padà rọrùn, ilẹ̀ òkèèrè ni a sì ti rí ẹ̀rí rẹ̀ tí ó hàn gbangba. Ní ọdún 1971, nígbà ogun tí ó bí orílẹ̀-èdè Bangladesh, àwọn tí ń sá ogun kún àgọ́ kan ní Bongaon ní ilẹ̀ Íńdíà, àrùn onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Omi tí a ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú iṣan kò tó mọ́. Nígbà náà ni Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi mímọ́, kí àwọn ìbátan aláìsàn sì máa bù ú fún wọn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tí ó kú lábẹ́ ìtọ́jú yìí kò tó 4 nínú 100. Ìdí rẹ̀ ni pé ṣúgà a máa fa iyọ̀ wọ inú ara láti ìfun, omi a sì tẹ̀lé wọn, àní nígbà tí ìfun ń ṣàìsàn.

Ìyẹ̀fun ORS tí a ń rí gbà ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtajà oògùn ni ó dára jù. Ẹ pò ó bí a ti kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bu ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí kan iyọ̀, kí ẹ rẹ́ ojú ṣíbí náà dọ́gba, kí ẹ sì pò ó mọ́ lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Igò omi sẹ̀ntílítà 50 méjì ni lítà kan. Ẹ má ṣe fi iyọ̀ kún un, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọ lára. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2 yóò mu ìdajì kọ́ọ̀bù kékeré kan, ó kéré tán, lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí ṣíbí ni kí ẹ máa fi fún un. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe já a lẹ́nu ọmú, ẹ má sì fi oúnjẹ dù ú. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lé ti ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2. Nọ́ọ̀sì yóò fún un ní oògùn zinc pẹ̀lú, èyí tí a ń lò fún ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ jẹ́ kí a yí sọ́dọ̀ àwọn àgbà, tí ìgbẹ́ líle ń dà láàmú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ yàgbẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tí ń yà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ àti ẹni tí ń yà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè jẹ́ aláìlárùn. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni ìyípadà kúrò nínú ìṣe ara ẹni. Iyán Ìjẹ̀ṣà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ewédú, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ àti ọsàn máa bá a rìn, kí omi sì pọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni ìfun ń ta jù, nítorí náà àkókò yẹn ni kí a gbé baba jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ tàbí kí ó wà lórí àpótí, kí a sì fà aṣọ bo ẹnu ọ̀nà. Ìtìjú a máa dí ìgbẹ́ mọ́ni nínú. Bí kò bá lè dìde, ẹ gbé póò wá sórí ibùsùn fún un. Bí ó bá ti ṣe tán, ẹ wẹ̀ ẹ́ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má bàa yọ.

Ohun tí a bẹ̀ yín láti yẹra fún ni ìwẹ̀nù aláìdábọ̀. Ọ̀pọ̀ ní ilẹ̀ wa a máa pe gbogbo ìnira ìdí ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọn a sì fi àgbo tú ìgbẹ́ jáde, tàbí kí wọ́n rọ ohun gbígbóná sí ìdí ọmọ. Oògùn líle a máa kó omi tí ìfun ń ṣọ́ jáde. Rírọ omi sí ìdí jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí a ti kọ́. Bí inú bá wú, tí ó ń dunni gidigidi, tí ènìyàn ń bì, tí kò yàgbẹ́ tí kò sì so, ikú lè wà nínú oògùn ìyàgbẹ́. Dókítà ni kí a sáré lọ bá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí bí ó bá funfun bí omi ìrẹsì. Ọmọ tí ojú rẹ̀ jìn, tí ó ń sunkún láìsí omijé, tí kò tọ̀, tàbí tí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí, kò gbọ́dọ̀ sun ilé di ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1956 ni Dókítà David Morley wá sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà; wọn a wọn ọmọ, wọn a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń bá jà léraléra a máa rù, káàdì a sì fi í hàn kí ó tó pẹ́ jù. Láti ìlú kékeré yìí ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀ ayé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga. Ẹ má ṣe tijú láti wo ohun tí ó jáde, ẹ má sì bá a jà bí ọ̀tá: ohun tí ó bá gbà lọ ni kí ẹ dá padà. Ní òru òní, ọmọ kan ní àdúgbò yín lè máa sunkún omi. Bí ẹ bá gbọ́ pé a fi omi dù ú, ẹ dìde, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú kọ́ọ̀bù àti ṣíbí dání.