Pátákó Gígùn Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, "Igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó." Ìṣọ́ra ni òwe yìí ń kọ́ wa nínú ọ̀ràn gbogbo. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó bá a mu rẹ́gí: pátákó tí àwọn ènìyàn fi ń gun ìgbì òkun, nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin.

Kí ni pátákó yìí? Ó jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí ìdí rẹ̀ sì ní lẹbẹ bí ti ẹja. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò yóò dojú bolẹ̀ lé e lórí, yóò sì máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi títí ìgbì ńlá yóò fi dé. Nígbà náà ni yóò fò dìde dúró lórí rẹ̀, ìgbì yóò sì gbé e wá sí etí òkun. Àwọn ará erékùṣù Hawaii, tí ó wà láàrin òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n sọ eré yìí di iyì láti ayébáyé. Àti ọba àti mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Lónìí, ó ti tàn kálẹ̀ dé ibi púpọ̀ ní ayé. Ní Tarkwa Bay ní Èkó pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ wa ń gun ìgbì.

Igi ni wọ́n fi ń ṣe pátákó náà látijọ́, ó sì wúwo púpọ̀. Ní òde òní, fóòmù ni inú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn; a sì fi aṣọ tí a fi gíláàsì hun àti oje líle bò ó lára. Nítorí náà ni ó ṣe fúyẹ́. Èyí tí ó kúrú lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180, èyí tí ó gùn sì lè tó sẹ̀ǹtímítà 275. Ẹ wá wo ohun ìyanu: ẹnì kan lè fi abíyá gbé e, ṣùgbọ́n ó lè dí ènìyàn mẹ́wàá lọ́nà.

Ọkọ̀ ojú irin àti pátákó yìí kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ní ọdún 1907, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Freeth ti Hawaii wá sí ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà. Ọlọ́rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Henry Huntington, ẹni tí ó ní ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin káàkiri agbègbè Los Angeles. Huntington fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Redondo Beach ní etí òkun, kí wọ́n sì ra ilẹ̀ níbẹ̀. Ó gba Freeth síṣẹ́ láti máa gun ìgbì níṣojú àwọn èrò, wọ́n sì kéde rẹ̀ bí ọkùnrin tí ó lè rìn lórí omi. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó ṣe bá ọkọ̀ ojú irin pe èrò. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà: nígbà tí pátákó fẹ́ di èrò ọkọ̀, àwọn tí ó ni ọkọ̀ ní láti ṣe òfin fún un.

Ẹ má ṣe rò pé ìkà ni àwọn tí ó ṣe òfin wọ̀nyí. Ọ̀nà àárín ọkọ̀ ojú irin kò fẹ̀. Ibẹ̀ ni arúgbó ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni gbogbo èrò yóò gbà sá jáde bí iná bá sọ. Bí ẹrù ẹnì kan bá di ìlẹ̀kùn, ó ti fi ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wewu.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin ilẹ̀ Jàpáànì ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ JR níbẹ̀, èrò kan lè gbé ẹrù méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò 30 lọ. Kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 2 lọ. Bí a bá sì ro gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 250 lọ. Bí pátákó kan bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180, tí ó fẹ̀ tó 50, tí ó sì nípọn tó 6, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 236. Kò kọjá ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan ti mú pátákó 275 kọjá ìwọ̀n náà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí arìnrìn-àjò yóò ṣe ni pé kí ó fi okùn ìwọ̀n wọn pátákó rẹ̀ nílé. Ohun kejì ni pé kí ó béèrè òfin lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí yóò wọ̀, nítorí pé ohun tí ọ̀kan gbà, òmíràn lè kọ̀ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìdìpọ̀ ẹrù. Bí lẹbẹ ìdí pátákó bá ṣe é tú, kí a tú u, nítorí pé ó lè ya ènìyàn lára. Kí a fi aṣọ rírọ̀ wé orí ṣóńṣó rẹ̀, kí a sì ti gbogbo rẹ̀ bọ inú àpò. Àpò yìí ń dáàbò bo pátákó, nítorí pé fóòmù a máa tètè tẹ̀ bọnú; ó sì ń dáàbò bo aṣọ àwọn èrò, nítorí pé ìda ni wọ́n fi ń pa ojú pátákó kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, ìda a sì máa yọ́ bí oòrùn bá mú.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù lọ ni pèpéle ibùdó ọkọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà iná mànàmáná wà lókè tí agbára rẹ̀ jẹ́ 25,000 fólítì. Ó ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti inú ilé wọn lọ. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè fò láti ara wáyà bá ohun tí ó súnmọ́ ọn, bí kò tilẹ̀ fara kàn án. Pátákó tí omi òkun rin, tàbí èyí tí a fi okùn kábọ́ọ̀nù sí lára, lè gba iná náà kọjá dé ọwọ́ ẹni tí ó gbé e. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na pátákó sókè ní ibùdó ọkọ̀, ìbáà ṣe láti fi júwe sí ọ̀rẹ́. Abẹ́ abíyá ni kí ó wà, kí orí rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ yí padà, kí a kọ́kọ́ wẹ̀yìn, nítorí pé bí orí pátákó ti ń lọ sọ́tùn-ún ni ìdí rẹ̀ ń gbá ẹni tí ó wà lósì.

Nígbà tí a bá wọ inú ọkọ̀, kí a gbé pátákó dúró ní igun kan ní ìpẹ̀kun ìyàrá ọkọ̀, jìnnà sí ìlẹ̀kùn, kí a sì dì í mú, nítorí pé bí ọkọ̀ bá tẹ ìjánu lójijì, yóò wó lu ẹlòmíràn. Kí a má ṣe tẹ́ ẹ sórí ìjókòó tí ènìyàn ì bá jókòó lé. Kí a sì yàgò fún wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń bọ̀ wálé. Ẹni tí ó ń ti London lọ sí Newquay, ìlú olókìkí fún ìgun-ìgbì ní Cornwall, sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ ní Par láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀ mú kí ọkọ̀ tó dúró.

Bí ọkọ̀ bá kọ pátákó, kò sí ìjà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ etí òkun tí a ti ń ṣe eré yìí, a lè fi owó díẹ̀ yá òmíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gun ìgbì nìkan. Lórí òkun, ẹni tí ó ni pátákó dá nìkan wà pẹ̀lú ìgbì rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, òun nìkan ni omi yóò bò. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin, ohun tí ó bá ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀, orí ọmọ ọlọ́mọ ni yóò bà lé. Ẹrù lè jẹ́ ti ẹnì kan. Ti gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà.