Wọn Ò Nà Án, Wọ́n Bá A Yodì

Bí ọmọbìnrin bá ti iléèwé dé ní Ajah tí ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, ohun tí ìyá kọ́kọ́ ń bèèrè ni: "Ta ló nà ọ́?" Ọmọ á ní kò sẹ́ni tó na òun. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì máa ń parí sí.

Yorùbá kò ṣàìní orúkọ fún ohun tó ṣẹlẹ̀: yodì ni, òkò ọ̀rọ̀ ni, àròká ni, yínmú ni. Àmọ́ ẹni méjì tó jà ló ń yodì láàárín àwọn àgbà, àwọn méjèèjì ló sì mọ ìdí ìjà. Ti iléèwé yàtọ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan, ọmọ kan ṣoṣo ló bínú; àwọn márùn-ún tó kù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹni tó bá bá ọmọ tí wọ́n ń bá yodì jẹun lónìí, òun ló kàn lọ́la. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú yodì náà ṣiṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí ọ̀rẹ́ ló mọ àṣírí: pé wọn ò tíì san owó iléèwé, pé yàrá kan ní Badore ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe ẹ́sítéètì ní Lekki Phase 1 bó ṣe sọ. Ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọmọ olówó àti ọmọ ẹni tó ń tiraka ti lè wà ní kíláàsì kan náà, àdírẹ́ẹ̀sì nìkan tó ohun ìjà. Bọ́ọ̀sì iléèwé á há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Jakande dé Sangotedo, báàgì ni wọ́n á gbé sórí àga tó yẹ kó jókòó sí. Kó tó délé, gúrúùpù WhatsApp tuntun ti wà tí gbogbo wọn wà níbẹ̀ àfi òun.

Ní 1995, Nicki Crick àti Jennifer Grotpeter ṣèwádìí láàárín ọmọ iléèwé 491 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ìjà tí wọ́n ń fi ọ̀rẹ́ jà báyìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. Ní 2003, Naomi Eisenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọn ò ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkan mọ́, apá ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń ro ni ló jí. Bẹ́ẹ̀, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀ o; kọ̀ǹpútà ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹ wá wo ọmọ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe ten-ten, tí kò sẹ́ni tó pè é.

Òfin mọ̀ ọ́n. Abala 11 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ìpalára ọkàn mọ́ ti ara. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Olùkọ́ ló ṣòro fún, torí "Àǹtí, ṣé mo fọwọ́ kàn án ni?" kò ṣeé fèsì sí. Àwọn kan á pe ọmọ méjèèjì, wọ́n á ní kí wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n á dì mọ́ra. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, yodì ti padà, wọ́n sì ti fi "olófòófó" kún un.

Àwọn márùn-ún yẹn ló yẹ ká pè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹyọ kan nínú wọn bá gbé báàgì kúrò lórí àga, agbára olórí wọn ti dín nìyẹn. Nílé, ìbéèrè tó dára ju "Ta ló nà ọ́?" lọ ni "Ta lẹ jọ jẹun ní bíréèkì?" Bí kúlà oúnjẹ bá padà wálé bó ṣe lọ, ẹ jókòó tì í.