Nígbà tí Òṣùwọ̀n Bá Dúró Sójú Kan

Kí a mú un pé olùkọ́ kan wọn kílò 120 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, orúnkún sì ń dùn ún nígbàkúùgbà tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì. Ó ṣe ìpinnu. Ó dín òkèlè kù, ó fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn ní ìdájí. Ní oṣù kìn-ín-ní, kílò 5 lọ. Nígbà tí oṣù kẹfà fi parí, ó ti di kílò 103. Láti ìgbà náà ni ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, tí oṣù kan ààbọ̀ sì kọjá, kílò 103 náà ni òṣùwọ̀n ń kà. Lójú ara rẹ̀, oúnjẹ òun kò yí padà, ìrìn òun kò sì dín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ti òṣùwọ̀n sábẹ́ ibùsùn, ó sì ní kí wọ́n bá òun gún iyán.

Irú ìtàn báyìí kò ṣàjèjì. Ẹni tí ó ní ọ̀rá púpọ̀ láti sọ nù kò lè ṣe é ní oṣù kan tàbí méjì. Ìrìn ọdún ni. Nínú ìrìn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò níí dé ibi tí òṣùwọ̀n yóò ti kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí, àyíká oṣù kẹfà ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ara wọn lẹ́bi, tí wọ́n sì ń padà sẹ́yìn. Ìbéèrè tí ìjíròrò yìí dá lé lórí nìyí: kí ni ó ń dá òṣùwọ̀n dúró, báwo sì ni ènìyàn ṣe lè di ìpinnu rẹ̀ mú títí ìgbà ìdúró náà yóò fi kọjá?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ìyára oṣù kìn-ín-ní kì í ṣe ti ọ̀rá nìkan. Ara a máa tọ́jú súgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan irú súgà bẹ́ẹ̀ a sì máa di omi tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 3 mú. Nígbà tí oúnjẹ bá dín, ara a kọ́kọ́ ná súgà yìí, omi rẹ̀ a sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi kílò 5 ti oṣù kìn-ín-ní ṣe ìwọ̀n fún oṣù yòókù, omi ni ó fi ń wọn ọ̀rá. Omi kan náà lè fara pamọ́ sí ara fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ oníyọ̀ tàbí ní àkókò nǹkan oṣù obìnrin, kí ó sì bo ọ̀rá tí ó ti lọ mọ́lẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ara tí ó fúyẹ́ kì í ná agbára tó ara tí ó wúwo. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹni tí ó bá sọ kílò 25 nù dà bí alárùú tí ó ti sọ ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀: gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ti dẹrùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ti dín ní iye agbára tí ó ń ná pẹ̀lú. Oúnjẹ tí ó kéré fún ẹni kílò 120 lè jẹ́ oúnjẹ tí ó ṣe rẹ́gí fún ẹni kílò 103. Bí ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde bá ti dọ́gba, òṣùwọ̀n kò ní ibi tí yóò lọ.

Ìdí kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé. Onílé ni kò níí gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara rí. Kò mọ̀ pé olówó rẹ̀ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ òun rọlẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé oúnjẹ ń dín, ó sì ń gbèjà ara rẹ̀ bí ìgbà tí ìyàn bá mú. Èyí hàn kedere ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti 1944 sí 1945, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lára ọkùnrin 36 tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò gbà wọ́n láàyè láti gbé ìbọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kí a lè mọ bí a ó ṣe tọ́jú àwọn tí ogun fi ebi pa. Fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n jẹ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n wọn sì dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọkàn wọn ń lù jẹ́jẹ́, òtútù ń mú wọn, ìrònú oúnjẹ sì gbà wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìtàn. Ara wọn dín iná rẹ̀ kù ju bí ìwọ̀n wọn ti dín lọ.

Kì í ṣe ẹni tí kò sanra nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1994, ilé ìwádìí Jeffrey Friedman ní Yunifásítì Rockefeller ní New York ṣàwárí họ́mónù tí a ń pè ní leptin. Ọ̀rá ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi sọ fún ọpọlọ iye oúnjẹ tí ó wà nípamọ́. Bí ọ̀rá bá dín, leptin a dín. Ọpọlọ a gbọ́ pé àká ń gbẹ, a sì mú kí ebi pọ̀ sí i. Ní 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 14 tí wọ́n ti kópa nínú ìdíje tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí a ń pè ní The Biggest Loser. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ti sọ kílò 58 nù nínú ìdíje náà. Lẹ́yìn ọdún 6, kílò 41 ti padà. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé lẹ́yìn ọdún 6 náà, ara wọn ṣì ń jó nǹkan bíi kálórì 500 dín lójoojúmọ́ sí iye tí ó yẹ ẹni tí ó ní irú ìwọ̀n wọn.

Ìwádìí mìíràn tí Hall kópa nínú rẹ̀ ní ọdún kan náà ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: kílò kọ̀ọ̀kan tí ó bá lọ, agbára tí ara ń ná lójúmọ́ a dín ní nǹkan bíi kálórì 20 sí 30, ṣùgbọ́n ìfẹ́ oúnjẹ a fi nǹkan bíi 100 lé sí i. Ìyẹn ni pé ebi ń pọ̀ ju bí iná ara ti ń dín lọ. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ìdí kẹrin lè wọlé láìkanlẹ̀kùn: òkèlè a máa tóbi díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ń jẹun mọ̀. Ṣíbí ìjẹun kan epo tàbí òróró ní kálórì bíi 120. Ṣíbí kan tí ó lé nínú ọbẹ̀ àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ní ìrọ̀lẹ́ tó láti fi òṣùwọ̀n sójú kan, ẹni náà yóò sì fi òótọ́ inú búra pé oúnjẹ òun kò yí padà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ó kù láti ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ènìyàn yí ojú tí ó fi ń wo ìdúró náà padà. Ìdúró kì í ṣe ìṣubú. Ara tí ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ènìyàn padà sí kílò 120, tí ẹni náà sì dúró sí 103, iṣẹ́ ńlá ni ẹni náà ń ṣe lójoojúmọ́, bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ sọ ọ́. Èrè sì wà nínú kílò tí ó ti lọ. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, tí ó kan ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ń súnmọ́, a ní kí apá kan nínú wọn dín ìwọ̀n wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 ṣe ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n sọ nù kò tó kílò 6, síbẹ̀ ewu àtọ̀gbẹ dín láàrin wọn ní ìdá 58 nínú 100 sí ti àwọn tí a fún ní òògùn aláìníṣẹ́ (placebo). Olùkọ́ inú àpẹẹrẹ wa ti sọ kílò 17 nù, èyí tí ó ju ìdá 14 nínú 100 lọ. Kò tọ́ kí ó fi irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ ra iyán ọjọ́ kan.

Ohun kejì ni pé kí òṣùwọ̀n má dá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Kí ènìyàn wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà àti wákàtí kan náà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ó fi okùn télọ̀ wọn ìbàdí rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí ọ̀rá lè máa lọ kí iṣan máa dí àlàfo rẹ̀. Kí ó kọ iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sílẹ̀, àti iye àtẹ̀gùn tí ó lè gùn kí ó tó mí hẹlẹ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí gbogbo wọn dúró, ìgbà náà ni kí ó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ohun tí ó wọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, títí kan epo àti ìpápánu. Kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin wà nínú oúnjẹ rẹ̀ kí iṣan má bàa jẹrà, kí ó sì fi gbígbé ohun wúwo níwọ̀nba kún ìrìn rẹ̀. Bí gbogbo èyí kò bá yí nǹkan padà, kí ó lọ rí dókítà, nítorí àwọn àìsàn àti òògùn kan wà tí wọ́n ń dá ìwọ̀n dúró.

Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó fi ebi pa ara rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn ọkùnrin Minnesota ti fi hàn pé bí ebi bá ti le tó ni ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ tó. Àwọn òògùn ìgbàlódé pàápàá kò mú ìdúró kúrò. Nínú ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 2021, semaglutide dín ìwọ̀n àwọn tí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, síbẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ náà dúró kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé. Nígbà tí a sì tọ àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù ni ó padà láàrin ọdún kan tí wọ́n dá òògùn náà dúró.

Ohun kẹta ni ẹgbẹ́ àti ilé. Láàrin Yorùbá, ara tí ó kún ni a sábà máa ń kí pé ayé yẹ olówó rẹ̀, ẹni tí ó bá rù ni a ń bi pé, “Ṣé kò sí o?” Ẹni tí òṣùwọ̀n ti já kulẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń sunkún pé ó ti rù jù, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń gbé àwo kún fún un níbi àríyá, ogun mẹ́ta ni ó ń jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sàn kí ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń ṣe é fún àwọn ará ilé ní tààrà, kí ó sì wá ẹnìkan tí wọn yóò jọ máa rìn ní ìdájí. Ní Amẹ́ríkà, Rena Wing àti James Hill dá ìwé àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ ní 1994 fún àwọn tí wọ́n ti sọ kílò 13 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nù, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó padà fún ọdún kan ó kéré tán. Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà tí ó so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ rọrùn láti sọ: wọ́n ń wọn ara wọn déédéé, wọ́n sì ń lo nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ lórí ìdárayá. Láàrin àwọn 14 inú ìdíje tẹlifíṣọ̀n náà pẹ̀lú, àwọn tí kò padà sanra ni wọ́n fi ìdárayá kún ọjọ́ wọn jù.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìtara oṣù kìn-ín-ní kò lè gbé ènìyàn dé òpin ọdún. Ìtara ń jẹ òṣùwọ̀n tí ń sọ̀kalẹ̀ bí oúnjẹ. Ọjọ́ tí òṣùwọ̀n bá dúró, ebi pa á. Ìwà tí ó ti mọ́ra ni kì í béèrè lọ́wọ́ òṣùwọ̀n kí ó tó dìde ní ìdájí. Bí olùkọ́ yẹn bá fa òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, tí ó sì tún bá kílò 103 níbẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó wọ bàtà rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ ni yóò wà fún oṣù mẹ́ta, kò sí láburú: àtẹ̀gùn ilé-ìwé náà ti rọrùn fún un ju ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.